Ìwé Ìròhìn tí Ó Gbé Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì Dé Ilé Ìdáná

Àkàrà ni ó fa ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí ó kọjá, a dúró níwájú agbada ìyá kan tí ó ń din àkàrà ní ìkóríta àdúgbò wa, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Nígbà tí ó fún wa ní tiwa, a rí i pé bébà tí ó fi wé e kì í ṣe ti ìwé ìròhìn ojoojúmọ́ tí a mọ̀, bí kò ṣe ewé ìwé kan tí ó ń dán, tí a fà ya láti inú ìwé ìròhìn olóṣooṣù ti ìlú òyìnbó. Àwòrán kan wà lójú rẹ̀: ilẹ̀ ilé tí a fi òkúta pẹlẹbẹ onígun márùn-ún tẹ́, tí gbogbo wọn wọ inú ara wọn láìsí àlàfo kankan. A dúró, a ń wò ó, àkàrà sì ń tutù.

“Akọ̀wé, ṣé kò sí o?” ni ìyá náà bi wá.

“Kò sí, Ìyá. Àwòrán ara bébà yín yìí ni a ń wò.”

Ó nawọ́ gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú. “Àpẹẹrẹ ẹní ni,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ẹni tí ó hun eléyìí gbọ́n.”

A rẹ́rìn-ín, a san owó wa, a sì bá tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá náà kò kúrò lọ́kàn wa. A ti ka ìtàn irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ rí, a sì mọ̀ pé ẹni tí ó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì kankan. Obìnrin ilé ni, abiyamọ ọlọ́mọ márùn-ún, tí ó ń ya àwòrán rẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná ní àkókò tí ẹnikẹ́ni kò bá sí nítòsí. Bí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣe wọ ilé ìdáná, àti bí ó ti ṣe tún ti ibẹ̀ jáde padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, ni ìtàn tí a fẹ́ sọ. Ìtàn ìwé ìròhìn kan ni, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Scientific American.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1845 ni ìwé ìròhìn náà kọ́kọ́ jáde ní ìlú New York. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Rufus Porter. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé rárá. Ní kékeré, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ bàtà. Lẹ́yìn náà ó fọn fèrè fún àwọn ọmọ ogun, ó kun ilé, ó ń rìn láti ìlú dé ìlú, ó ń ya igi àti òkè àti ọkọ̀ ojú omi sára ògiri ilé àwọn ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yé ṣe oríṣiríṣi ẹ̀rọ kéékèèké. Ojú ìwé mẹ́rin péré ni ìwé rẹ̀ ní, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń jáde, dọ́là 2 sì ni àsansílẹ̀ owó rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Àwọn tí ó ń kọ ọ́ fún ni alágbẹ̀dẹ, káfíńtà, àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ ọlọ, àti ọmọ iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń rán an.

A kò gbọ́dọ̀ ṣàìsọ pé ọkùnrin náà ní àṣejù tirẹ̀. Ní ọdún 1849, ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde, ó ní òun yóò ṣe ọkọ̀ òfuurufú tí yóò gbé èrò láti New York dé California ní ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú ìrọ̀rùn àti láìséwu. Ọkọ̀ náà kò gbé ẹnikẹ́ni dé ibìkan. Ṣùgbọ́n nígbà náà kò sí ìwé ìròhìn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́; oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ó dá a sílẹ̀ ni ó ti tà á. Ní ọdún 1846, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Orson Munn, ẹni ọdún 22, àti Alfred Beach, ẹni ọdún 19, rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní dọ́là 800.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń ka abala yìí yóò fẹ́ mọ bí àwọn ọmọdé méjì yìí ti ṣe rí èrè nínú ọjà tí ẹni tí ó tà á ti sú. Wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn tí ń ka ìwé wọn kì í kàn ń kà á lásán. Wọ́n ń mú ohun tí àwọn fúnra wọn ti kọ́ ṣe wá sí ọ́fíìsì, wọ́n ń béèrè bí wọn yóò ti ṣe gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba kí ẹlòmíràn má baà jí i kọ́. Munn àti Beach bá ṣí ẹ̀ka kan fún iṣẹ́ náà. Báyìí ni ó di pé ẹni tí ó wá béèrè nípa ìwé ẹ̀tọ́ a ra ìwé ìròhìn lọ, ẹni tí ó sì ka ìwé ìròhìn a padà wá béèrè nípa ìwé ẹ̀tọ́. Ọjà méjì ní ṣọ́ọ̀bù kan.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1877, ọkùnrin ẹni ọdún 30 kan wọ ọ́fíìsì náà, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan lé orí tábìlì, ó sì yí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà béèrè àlàáfíà àwọn tí ó wà níbẹ̀. Ó béèrè bí wọ́n ti rí òun sí. Ó ní ara òun le. Ó sì kí wọn pé ó dàárọ̀. Thomas Edison ni ọkùnrin náà, ẹ̀rọ náà sì ni ìyá-ńlá giramafóònù tí àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ orin. Ẹ kíyè sí i pé ọ́fíìsì ìwé ìròhìn ni ó gbé e lọ, nítorí ó mọ̀ pé láti ibẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ àti ọ̀mọ̀wé yóò ti gbọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

Láti ìgbà náà, a ó fo ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ìwé náà di olóṣooṣù ní ọdún 1921, agbára rẹ̀ sì ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kí ó kú. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta, Gerard Piel, Dennis Flanagan àti Donald Miller, ni wọ́n da owó jọ tí wọ́n fi rà á ní dọ́là 40,000, ìwé àkọ́kọ́ tí ó ti ọwọ́ wọn wá sì jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1948. Ohun tí ó yani lẹ́nu nípa Piel ni pé ìtàn ni ó kọ́ ní yunifásítì, kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí ìwé ìròhìn ńlá mìíràn kọ́kọ́ fi í ṣe olóòtú ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì, kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Nínú àìmọ̀ yìí gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ ti wá.

Àṣà tí wọ́n dá sílẹ̀ ni èyí: ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ìwádìí náà fúnra rẹ̀ ni kí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe agbọ́rọ̀sọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọ ọ́ tán, olóòtú tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé yóò jókòó tì í, yóò kà á ní ìlà-ìlà, ibikíbi tí kò bá sì yé e, yóò dá a padà. Kì í ṣe pé kí a yọ òtítọ́ rẹ̀ kúrò kí ó lè rọrùn, bí kò ṣe pé kí a wá ọ̀rọ̀ tí yóò gbé òtítọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sí ní yàrá ìwádìí. Lẹ́yìn èyí, wọn a ya àwòrán sí i. Olóòtú dúró ní ipò òǹkàwé, ó sì ń béèrè ohun tí òǹkàwé ì bá béèrè bí ó bá wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ wá lára. Ní ìgbà kan tí àrùn onígbáméjì ń jà ní àgbègbè wa, ọ́fíìsì tí a ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà fẹ́ fi ìkéde síta, àwa ni wọ́n sì fún pé kí a sọ ọ́ di Yorùbá. Inú wa dùn sí iṣẹ́ náà, a fi gbogbo ọgbọ́n ìwé wa sí i. A kọ ọ́ pé kí olúkúlùkù rí i dájú pé òun pa àwọn kòkòrò inú omi kí ó tó mu ún. Ó dùn létí. Ọ̀gá wa yìn wá. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, obìnrin kan tí ó ń ta ata lẹ́bàá ilé wa sọ fún ìyàwó wa pé òun ti ṣe gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí: òun fi aṣọ funfun sẹ́ omi kànga òun, òun gbé e sí ojúmọmọ, òun wò ó dáadáa, kò sí kòkòrò kankan nínú rẹ̀, òun sì fún ọmọ mu. Ọmọ náà ti dùbúlẹ̀ nígbà tí a gbọ́. Ọlọ́run yọ ọ́, wọ́n tètè gbé e dé ọsibítù. Ṣùgbọ́n a kò gbàgbé. Kì í ṣe pé obìnrin náà kò gbọ́n. Ohun tí a sọ fún un ni ó ṣe, kínníkínní. Àwa ni a kò sọ fún un pé kòkòrò tí a ń wí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, pé aṣọ kò lè dá a dúró, àti pé kí omi hó yaya lórí iná ni ó ń pa á. Bí ẹnìkan bá ti bi wá léèrè ṣáájú pé “Irú kòkòrò wo ni?” à bá ti tún un kọ. Kò sí ẹni tí ó béèrè, nítorí gbogbo àwa tí a wà ní ọ́fíìsì náà ni a ti mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé àwọn ọkùnrin kan ní New York ń gba owó oṣù nítorí pé kí wọ́n máa béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, a kì í fi wọ́n ṣeré.

Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí ìdánwò fi dé. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1950, Ààrẹ Truman kéde pé Amẹ́ríkà yóò ṣiṣẹ́ lórí bọ́ǹbù haidirójìn, èyí tí agbára rẹ̀ yóò ju ti bọ́ǹbù átọ́míìkì tí ó pa ìlú Hiroshima run lọ fíìfíì. Ìwé ìròhìn náà bẹ Hans Bethe pé kí ó kọ̀wé nípa rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni Bethe, tí ó sá kúrò níbẹ̀ nígbà tí Hitler gorí oyè, òun sì ni olórí ẹ̀ka físíìsì tíọ́rì ní Los Alamos nígbà tí wọ́n ń ṣe bọ́ǹbù àkọ́kọ́. Ó ṣàlàyé bí ohun náà yóò ti ṣiṣẹ́, ó sì sọ gbangba pé òun kò rò pé ó tọ́ kí orílẹ̀-èdè òun ṣe é. Nígbà tí ìwé ti oṣù kẹrin ọdún náà ti wà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àṣẹ dé láti ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Agbára Átọ́míìkì ti ìjọba pé kí wọ́n dá a dúró. Wọ́n yọ àwọn gbólóhùn kan kúrò. Wọ́n ba àwọn àwo ìtẹ̀wé jẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìwé tí a ti tẹ̀ ni wọ́n dáná sun, òṣìṣẹ́ ìjọba sì dúró tì í.

Piel kò dákẹ́. Ó sọ fún àwọn oníròhìn pé ohun tí wọ́n yọ kúrò ti wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè rà tẹ́lẹ̀, àti pé ìjọba ń fi orúkọ àṣírí dí ará ìlú lójú kí wọ́n má baà lè dá sí ọ̀rọ̀ tí yóò kan ẹ̀mí wọn. Ìyókù ọ̀rọ̀ Bethe jáde nínú oṣù náà bákan náà. Ní tiwa, a kò wí pé kí a pàtẹ gbogbo àṣírí ogun ní ọjà. Ọba tí kò ní àṣírí kò pẹ́ lórí ìtẹ́. Síbẹ̀, bí ará ìlú yóò bá sanwó orí tí a ó fi ṣe ohun tí ó lè pa á, ó yẹ kí ẹnìkan sọ fún un ohun tí ohun náà jẹ́, ní èdè tí ó gbọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ onígun márùn-ún wa.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1956, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Martin Gardner kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé náà nípa bébà tí a ká títí ó fi di onígun mẹ́fà, tí ènìyàn bá sì ṣẹ́ ẹ po, ojú titun a yọ jáde láti inú rẹ̀. Àwọn òǹkàwé fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Piel fi bi í bóyá irú rẹ̀ pọ̀ tó èyí tí a lè máa tẹ̀ ní oṣooṣù. Gardner ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì yára lọ ń ra ògbólógbòó ìwé ìṣirò káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀bù New York, nítorí kò ní ọ̀kan nílé. Ọkùnrin yìí kò kọ́ ìṣirò kọjá ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìwé àwọn ọmọdé ni ó ń ṣe olóòtú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, fún nǹkan bí ọdún 25 ni ó fi kọ abala náà, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń wí pé àṣírí òun kò ju èyí lọ: ó máa ń pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó yé òun, nígbà tí ó bá sì yé òun, òun ti mọ bí òun yóò ti ṣe là á fún ẹlòmíràn.

Ní oṣù keje ọdún 1975, ó kọ̀wé nípa bí a ti lè fi ohun pẹlẹbẹ onígun kan náà tẹ́ ilẹ̀ láìsí àlàfo. Onígun mẹ́ta, irú yòówù kí ó jẹ́, yóò tẹ́ ilẹ̀. Onígun mẹ́rin pẹ̀lú. Onígun mẹ́fà, ẹ wo afárá oyin. Onígun márùn-ún ni ìjàngbọ̀n wà. Bí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá dọ́gba tí gbogbo igun rẹ̀ sì dọ́gba, igun kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ dígírì 108. Mẹ́ta papọ̀ jẹ́ 324, bẹ́ẹ̀ ni 360 ni ó yí ojú kan ká. Àlàfo 36 yóò sì ṣẹ́kù tí ẹ̀kẹrin kò lè wọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbẹ́ àti igun kò bá dọ́gba, àwọn irú kan wà tí ó lè ṣe é. Karl Reinhardt, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, rí irú 5 ní ọdún 1918. Richard Kershner, ará Amẹ́ríkà, rí 3 sí i ní ọdún 1968, ó sì ní ó parí síbẹ̀, kò sí òmíràn mọ́. Ohun tí Gardner kọ fún àwọn òǹkàwé nìyẹn.

Kò parí síbẹ̀. Òǹkàwé kan, Richard James, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kà á, ó sì fi ìkẹsàn-án ránṣẹ́. Nígbà tí Gardner tẹ èyí jáde ní oṣù kejìlá ọdún náà, ìwé ìròhìn náà dé ilé kan ní ìlú San Diego ní California. Ọmọkùnrin ilé náà ni wọ́n ń san àsansílẹ̀ owó rẹ̀ fún. Ìyá rẹ̀, Marjorie Rice, ẹni ọdún 52, ni ó kọ́kọ́ ṣí i. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó ti kọ́ ìṣirò mọ, ó sì ti ju ọdún 30 lọ. Ó kà á, ó sì wò ó pé, ìgbà tí wọ́n ti wí pé ó parí tí kò sì parí, bóyá òmíràn ṣì wà.

Àkókò Kérésìmesì ni, iṣẹ́ ilé sì pọ̀. Ó ń ya àwòrán rẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná, bí ẹnikẹ́ni bá sì wọlé, a fi nǹkan bò ó, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n bi òun pé kí ni òun ń ṣe. Kò mọ àmì tí àwọn oníṣirò ń lò, nítorí náà ó ṣe àmì tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ní ọjà ti ń fi ìlà èédú ṣírò gbèsè sára ògiri. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ó fi rí irú titun kan. Ó kọ ìwé sí Gardner. Gardner, tí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, kò wí pé òótọ́ ni tàbí irọ́ ni. Ó fi í ránṣẹ́ sí Doris Schattschneider, obìnrin oníṣirò kan ní Pennsylvania. Obìnrin yìí ní láti kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń ka àmì ìyá San Diego yìí ná. Nígbà tí ó kà á tán, ó rí i pé òótọ́ ni. Nígbà tí ọdún 1977 fi parí, irú titun 4 ni Marjorie Rice ti fi kún ìmọ̀ aráyé, Schattschneider sì jẹ́ kí gbogbo àwọn oníṣirò mọ̀ ọ́n mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹlòmíràn rí ìkẹrìnlá ní ọdún 1985. Àwọn mẹ́ta fi kọ̀ǹpútà rí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ní ọdún 2015. Ní ọdún 2017, Michaël Rao ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé fi ẹ̀rí hàn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, pé 15 náà ni gbogbo rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Ìyá Rice fi ayé sílẹ̀. Ní Washington, ní ilé Ẹgbẹ́ Ìmọ̀ Ìṣirò ti Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ tirẹ̀ ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà.

Abala kan náà yìí, ní oṣù kẹjọ ọdún 1977, ni ó kọ́kọ́ sọ fún aráyé nípa ọ̀nà ìṣirò titun tí Rivest, Shamir àti Adleman fi lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ kí ẹlòmíràn má lè kà á. Wọ́n fi nọ́ńbà kan tí ó gùn ní dígíìtì 129 pe àwọn òǹkàwé níjà. Dọ́là 100 ni ẹni tí ó bá tú u yóò gbà. Ọdún 1994 ni ó tó tú, lọ́wọ́ àwọn ènìyàn bí 600 tí wọ́n pawọ́ kọ̀ǹpútà wọn pọ̀. Irú ìṣirò yẹn wà lára ohun tí ń ṣọ́ owó yín lónìí nígbà tí ẹ bá fi fóònù rán an láti Ìbàdàn sí Kánò.

Àwọn kan yóò wí pé gbogbo èyí dára fún òyìnbó, pé èdè Yorùbá kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ọdún 14 péré lẹ́yìn ìwé Porter ni Ìwé Ìròhìn bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1859. Bí èdè wa bá lè gbé ìròhìn ìjọ àti ti òwú nígbà náà, kí ni kò ní lè gbé nísinsìnyí? Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ohun gbogbo, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún 6, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì sí ààyè tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ jáde léraléra, àti olóòtú tí yóò máa béèrè pé “Irú kòkòrò wo ni?” Bí ó ti wà nísinsìnyí, ibi tí ìmọ̀ yẹ kí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé wa, oògùn tí ó ń wo àrùn 70 nínú ìgò kan ni ó gbà á.

Kí a má baà jẹ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lásán, ẹ mú páálí kan. Ẹ gé e sí onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò dọ́gba, bí ó ti wù kí ó wọ́ tó. Ẹ fi í ṣe òdiwọ̀n, kí ẹ gé ogún mìíràn tí ó bá a mu pátápátá. Ẹ má ṣe dojú ìkankan dé. Ẹ sáà máa yí èkejì kí orí rẹ̀ di ìdí, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ tí gígùn wọn jẹ́ ọ̀kan náà kan ara wọn. Wọn yóò bo tábìlì yín láìsí àlàfo, títí páálí yóò fi tán.

A ṣe tiwa, a kó o sínú àpò, a sì gbé e lọ fún ìyá alákàrà ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwa ṣe é, ó gbà wá ní ìdajì wákàtí. Ìyá náà nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó tò wọ́n sórí àpótí tí ó fi ń jókòó, ó sì tò wọ́n tán kí òróró rẹ̀ tó gbóná.

“Onígun mẹ́rin nìyí,” ni ó wí. “Ti onígun márùn-ún yẹn ńkọ́?”

A ń gé páálí rẹ̀ lọ́wọ́.